Ènì

Wọ́n ní ọmọ alápatà ní í jeegun.
Mi ò jeegun, mi ò jẹran,
ọdún kẹrin rèé tí mo ti gbé e kalẹ̀,
wọ́n sì ń wò mí síbẹ̀
bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó wọ mọ́ṣáláṣí.

Ní Ìpàtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ bàbá mi,
Bùráímọ̀ tó ń sun pọ̀nmọ́ ní,
"Múnírà, ṣé dókítà ló ní kó o má jẹ ẹ́ mọ́?"
Ara mi le.
"Àbí owó ni kò sí?"
Owó? Ọmọ ẹni tó so màlúù mẹ́ta kọ́ láàárọ̀ yìí!
Ìyá Sẹ́lí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀:
"Ṣóyún ni?"
Ikùn mi ni wọ́n ń wò títí mo fi kọjá lọ́dọ̀ onírú.

Àáfà Káṣímù dá tẹ̀súbáà dúró:
"Ohun tí Ọlọ́run ṣe ní hàlálì,
ṣé ìwọ fẹ́ sọ ọ́ di hàrámù ni?"
Rárá o, Àáfà. Mi ò fòfin de ẹnikẹ́ni.
Ilá náà, hàlálì ni,
ẹ kì í sì í jẹ ẹ́.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ilá ń rí wọn lára lóòótọ́.

Àǹtí Sàfúrá bu ọbẹ̀ fún mi:
"Mo ti ṣa ẹran kúrò, omi rẹ̀ nìkan ló kù.
Ẹja kúkú kọ́ lẹran.
Edé ńkọ́? Kí ló wà lára edé?"
Ìyá àgbà, láti orí ẹní wọn:
"Ẹ̀fọ́ náà ń mí.
Ta ló sọ fún ọ pé kò dùn ún nígbà tó o já a?"
Mi ò mọ̀, Ìyá. Ìyẹn ni mi ò rí fèsì sí.
Ṣùgbọ́n mo mọ bí àgbò ṣe ń wo ènìyàn
láàárọ̀ Iléyá, kí wọ́n tó tú okùn rẹ̀.

"Níbo ni agbára yóò ti wá?"
Ẹ bi màlúù tí wọ́n dá balẹ̀ lánàá
ohun tó jẹ tó fi sanra.
Ó dáa, inú rẹ̀ kọ́ ni inú mi.
Lọ́dún àkọ́kọ́, búrẹ́dì àti tíì ni mo gbójú lé,
òòyì kọ́ mi lẹ́nu géètì ilé-ìwé.
Àìjẹran kọ́ ló ṣe mí. Àìmọ̀-ọ́n-jẹ ni.
Ní báyìí, èkuru, òlẹ̀lẹ̀, ẹ̀pà,
gbẹ̀gìrì tó ki, àwàrà sóyà tó gbóná láti inú epo.
Wàrà Fúlàní náà, mò ń jẹ ẹ́.
Oyèládùn ọ̀rẹ́ mi, ará Òmù-Àrán, kò jẹ ẹ́,
kò jẹyin, kò lá oyin.
Ẹ má kó wa pọ̀.
Fítámì kan wà tí ewé ò ní,
nọ́ọ̀sì kọ ọ́ fún un, ó ń lò ó, kò fi pamọ́.

Bàbá nìkan ni kò bi mí ní nǹkan kan.
Ọdún mẹ́rin.
Lálẹ́ Iléyá, nígbà tí wọ́n pín ẹran kárí àdúgbò tán,
wọ́n jókòó tì mí, ọwọ́ wọn ṣì ń rùn ẹ̀jẹ̀:
"Ṣé iṣẹ́ mi ló ń tì ọ́ lójú?"

Ẹnu mi gbẹ.
Ọ̀bẹ yẹn ló san owó ilé-ìwé mi.
Ọ̀bẹ yẹn ló ra gíláàsì tó wà lójú mi.
"Bàbá, mo fẹ́ràn yín.
Ẹran ni mi ò fẹ́."

Wọn ò fọhùn.
Wọ́n dìde, wọ́n fi ọṣẹ fọ ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀mẹta,
wọ́n fa abọ́ àwàrà mi sọ́dọ̀,
wọ́n gé e wẹ́wẹ́, ọgbọọgba,
bí ẹni ń gé e fún oníbàárà ogún ọdún.
Wọ́n fojú wọ̀n ọ́n.
Wọ́n tún gé ẹyọ kan lé e lórí.
"Ènì," ni wọ́n wí.