Lẹ́tà

Ọdún méjì ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń wo ènìyàn.
Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Mo ti di dókítà kí n tó mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n wò.

Ìdájí, ọkọ̀ Oǹdó láti Àkúrẹ́,
a kọjá Ọ̀wẹnà, ìkuukùu ṣì bo odò lórí,
kòkó tútù lórí ẹní lẹ́bàá títì,
òórùn rẹ̀ kan bí ọtí tó sùn sínú agbè.

Dókítà Fágbàmígbé kì í yára fọwọ́ kan aláìsàn.
"Jẹ́ kó wọlé ná. Ilẹ̀kùn ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò wa.
Apá wo ló ń fì? Èwo ló so rọ̀
bí aṣọ tí a gbàgbé sórí okùn?
Bó bá fẹ́ yí padà, ṣé bí ènìyàn ló ń yí,
àbí bí àpótí tí wọ́n ń tì lójú kan?
Ọwọ́ tó ń gbọ̀n nígbà tó sinmi,
ọ̀tọ̀ ni sí èyí tó ń gbọ̀n nígbà tó gbé ife.
Má pè wọ́n lórúkọ kan náà."

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.
Síbẹ̀, lóṣù kejì, mo pe ọkùnrin kan ní ọ̀mùtí.
Ọ̀gá mi ò bá mi wí.
Wọ́n ní kí n lọ tọrọ àforíjì.

Ọjọ́bọ̀ kan ni Bàbá Akínfọlárìn dé,
Ìbídàpọ̀ ọmọ wọn gbé àpò sìmẹ́ńtì tẹ̀ lé wọn.
Ní ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ wọn lẹ̀ mọ́lẹ̀.
Mo fi rúlà dábùú ilẹ̀, mo ní, "Ẹ gbẹ́sẹ̀ kọjá rẹ̀."
Wọ́n gbé e.

Akọ̀wé ìwọ̀n kòkó ni wọ́n l'Odòsídà,
ọdún mẹ́rìnlélógún.
Ìwé àkáǹtì ló wà nínú àpò, ikán ti jẹ ẹ̀yìn wọn.
Ọdún kìíní: lẹ́tà gbàgàdà, K tó ya ẹsẹ̀ bí ọlọ́pàá.
Ọdún kẹwàá: ó ṣì dúró.
Ọdún kejìdínlógún: ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ga, ìparí ti ń rẹlẹ̀.
Èyí tó kẹ́yìn: ẹyin eèrà.
N kò mọ mẹ́ta yàtọ̀ sí mẹ́jọ.

"Wọ́n ní mo ń jí kòkó,"
ohùn Bàbá wà nísàlẹ̀ bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ.
"Wọ́n ní olè ló ń kọ nọ́ńbà tí ọ̀gá ò lè kà.
Ìyá Ìbídàpọ̀ gbà wọ́n gbọ́.
Orí ẹ̀ ló kú sí."

Ojú wọn ò mira rárá, bí ògiri.
Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọ pé ojú tí kò mira
kì í ṣe ọkàn tí kò mira.

Mo kọ oògùn: ìdajì lẹ́ẹ̀mẹta, kí oúnjẹ tó wọlé,
ẹ má fi ẹ̀wà tẹ̀ lé e, ẹ̀wà ń bá a jà lọ́nà.
Ọ̀gá mi ní ohun tó wà nínú kóró funfun yìí
wà nínú èso wèrèpè tó ń yún wa lára lóko.

Oṣù mẹ́ta. Wọn ò nílò rúlà.
Ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n, kò níí lọ pátápátá.
Ìbídàpọ̀ ń rẹ́rìn-ín: "Wọ́n bú mi lánàá,
mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé ìdáná!"

"Dókítà, ẹ bá mi kọ lẹ́tà."
"Sí ta ni, Bàbá? Ọ̀gá yín ti kú."
"Sí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé kà."

Kò sí ìbéèrè yìí nínú ìdánwò wa.
Mo kọ déètì. Mo kọ pé ọwọ́ yìí kò jalè.
Mo kọ pé àìsàn ti wà lára rẹ̀
láti oṣù kẹsàn-án ọdún kejìdínlógún,
ojú ìwé kọkànléláàádọ́rin, ìlà kẹrin.

Mo fọwọ́ sí i. Bàbá ní àwọn náà fẹ́ fọwọ́ sí i.
A àkọ́kọ́ ga bí àjà,
N tó kẹ́yìn ò ju eèrà lọ.
Àwọn aláìsàn ń dúró níta.
Kò sẹ́ni tó kán wọn lójú nínú wa.