Ọkọ̀ Tó Ń Kúnlẹ̀

Láti oṣù kẹjọ ni ìdí ọkọ̀ baba mi ti wọlẹ̀,
ọjọ́ tí a di kẹ́ẹ̀gì oyin mọ́kànlá sẹ́yìn rẹ̀
tí a ń gbé e lọ sí Dauphin.
Ó kúnlẹ̀ bí ọmọ tó ń kí àgbà,
tí àgbà kò rí i, tí kò ní kó dìde.
Iná iwájú kọ ojú ọ̀nà sílẹ̀, ó ń wá ìràwọ̀ kiri.
Àwọn tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ń ṣẹ́ iná sí wa,
baba mi ń juwọ́ sí wọn,
ó rò pé wọ́n ń kí òun ni.

Ó ní, "Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ló ti kú, Lesia."
Ṣọ́ọ̀kì alátẹ́gùn ni, Ostap ló fi í síbẹ̀
ní ọ̀sẹ̀ tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Fort McMurray.
Ọdún mẹ́fà.
A kì í dárúkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ;
bí a bá máa dárúkọ rẹ̀, abẹ́ ọkọ̀ ni.

Òtútù ti wọ inú simẹ́ńtì abà.
Mo fi igi dí táyà iwájú, mo gbé ìdí rẹ̀ sókè,
mo ki ẹsẹ̀ irin méjì sábẹ́ rẹ̀,
mo fi jáàkì kejì gbé ọ̀pá tó so táyà méjèèjì pọ̀,
torí bí ṣọ́ọ̀kì bá jáde tí nǹkan kan kò gbé ọ̀pá náà ró,
wálẹ̀ ló ń bọ̀, á sì fa rọ́bà bíréèkì já.
Baba jókòó lórí àpótí oyin.
Ọwọ́ tó ti tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ rí
kò lè di ife tíì mú mọ́,
ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mọ sípánà lórúkọ.
"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Rárá, ìyẹn kọ́. Ó wà lábẹ́ àkísà."
Bóòtì òkè ti dípatà, ó lẹ̀ mọ́ irin pinpin.
Mo da epo sí i lálẹ́, mo tún da á láàárọ̀,
mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u,
àfìgbà tí mo fi òòlù bá a sọ̀rọ̀ kó tó gbọ́.

Rọ́bà rẹ̀ sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀, kò lù.
Mo rì í sínú bàkẹ́ẹ̀tì omi ọṣẹ, kò hó.
Ṣọ́ọ̀kì kò jẹ̀bi.

Okùn atẹ́gùn ni, tínrín bí ìfun adìyẹ.
Ostap gbé e gba ẹ̀gbẹ́ páìpù èéfín,
ó fi okùn ìpẹja pupa so ó, kókó mẹ́ta,
bó ṣe máa ń so okùn bàtà mi.
Ooru páìpù jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́,
ó lu ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́.

Nígbà náà ni mo rántí pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
àti baba mi ní Sátidé gbogbo,
tí mo rò pé táyà ló ń fẹ́.
Oṣù kẹjọ ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ẹ mọ̀?" ni mo bi í.
Ó wo ògiri. "Ó kánjú ni. Ọmọdé ni nígbà náà."
Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni nígbà náà.
Mo dákẹ́.

Owó tuntun ti jáde lápò, mo fi tuntun sí i.
Mo gbé okùn gba ẹ̀gbẹ́ òdìkejì, jìnnà sí iná,
mo fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé rẹ̀, mo dúró wò ó.
Kó má lọ sílẹ̀ ju ogún lórí gééjì,
bí ẹ̀yìn tilẹ̀ ṣófo;
rọ́bà tí atẹ́gùn tán nínú rẹ̀ á ká wọ ara rẹ̀,
á máa jẹ ara rẹ̀.
Mo fẹ́ ẹ. Ìka kan. Ìka mẹ́ta.
Baba fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó ní, "Ó tó. Dìde."
N kò mọ̀ bóyá èmi ló ń bá wí, tàbí ọkọ̀.

Lálẹ́ ó ní kí n pe Ostap,
kí n sọ fún un pé ọkọ̀ ti dìde,
pé ìràwọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ iná wa.
Kí n má sọ nípa páìpù.