Abọ́ Màmá Ṣóètán

Ọjọ́ kẹrin rèé tí abọ́ náà ti wà nínú báàfù,
abọ́ tánganran funfun, òdòdó pupa létí rẹ̀,
ibì kan ti họ nídìí, ó dúdú bí àpá iná.
Ẹ̀bẹ ni Màmá Ṣóètán gbé wá nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú.
Ó ní, "Jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì gbóná."
Mo jẹ ẹ́ nígbà tó tutù, lórí ìdúró, nínú òkùnkùn,
mo sì gbé abọ́ lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí.

Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.
Mo mọ ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ a máa sùn, oorun rẹ̀ a sì máa dùn.
Èmi ò sùn. Mò ń ka ìṣó ara páànù,
mò ń gbọ́ bí àwọn àkùkọ Ìtókò ṣe ń dá ara wọn lóhùn
láti orí àpáta dé orí àpáta.
Mo sọ fún ẹsẹ̀ mi pé, "Dìde."
Ẹsẹ̀ ń wò mí bí àlejò tí kò gbédè.

Láti oṣù tí wọ́n ti kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa lọ ní Kútọ̀,
kò sẹ́ni tó ń retí mi láago mẹ́jọ mọ́.
Aago mẹ́jọ ń kọjá níwájú ilé
bí ẹni tí a kò jọ jẹun rí.
Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi gbẹ lójú fèrèsé.
Aṣọ tí mo sá níjẹta, òjò pa á, oòrùn gbẹ ẹ́,
òjò tún pa á. N kò ká a.

Lówùúrọ̀ yìí, Moróunkéjì kan ilẹ̀kùn,
ọmọ ọdún méje, eyín iwájú méjì ti yọ:
"Ìyá àgbà ní kí n wá gba abọ́."
Mo dáhùn láti inú ilé pé, "Mò ń gbé e bọ̀."
Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ tí a pa fọ́mọdé
a máa jókòó ti ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Mo ní, ó dáa, ẹyọ abọ́ kan. Èyí nìkan.
N kò bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀.
Omi kẹ́ẹ̀gì kò ju ìdajì lọ. Mo rẹ abọ́,
mo fi kànrìnkàn há a, mo fi èékánná tẹ̀ lé e,
òdòdó pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ewé kan, ewé kejì.
Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.
Mo fọ ṣíbí kan mọ́ ọn.
Kò nídìí. Ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi ni.

A kì í dá abọ́ olóúnjẹ padà lófìfo.
Mo wo orí pẹpẹ: kò síyọ̀, kò sẹ́yin,
páálí ìṣáná kan ló wà. Mo fi sí i.
Mo wá gbóòórùn ẹ̀wù ọrùn mi.
Abọ́ mọ́, ẹni tó gbé e ń rùn: ìyẹn ò bójú mu.
Mo fi omi tó kù wẹ̀.
Ó dé èjìká, ó dé ikùn, ó tán sí orúnkún,
ẹsẹ̀ òsì mi kò rí nǹkan kan gbà.

Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún ni a gbẹ́ sára òkúta
láti ẹnu ọ̀nà mi dé tiwọn.
Nísàlẹ̀, páànù tó ti dípẹtà tẹ́ rẹrẹ,
Odò Ògùn ń dán lókèèrè bí abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀.
Màmá ṣí abọ́, ó bú sẹ́rìn-ín:
"Ìṣáná! Ta ló sọ fún ọ pé tèmi ti tán?"
Ó wò mí látòkè délẹ̀.
"O ti wẹ̀," ó wí,
bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti dá.

Mo padà sílé. Abọ́ mẹ́sàn-án ṣì wà nínú báàfù.
N kò fọ̀ wọ́n.
Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo lọ tò sídìí ẹ̀rọ omi,
nítorí ẹsẹ̀ òsì.