Omi Ìsàlẹ̀ Táǹkì

Oyèbísí, fi súwíìṣì yẹn sílẹ̀ ná.
Má tíì tàn án.
Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ìsọ̀ yìí, lẹ́bàá Tákíé,
odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni Ọ̀gá Làmídì kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ.
Ó ní kí n máa wò ó.
Mo ní, "Kí ni mo ń wò?"
Ó ní, "Ohun tí o ò tíì rí."

Ẹ̀rọ jókòó bí àgbà tó yó,
ikùn rẹ̀ pupa, ọ̀dà ti ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
rọ́bà tí a gé lára táyà tírélà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀
kó má baà jó kúrò lójú kan.
Kò fara ti ògiri. Kò bá agolo bẹntiróòlù ṣọ̀rẹ́.
Wáyà kan jáde lára rẹ̀, ó wọ ilẹ̀ lọ nídìí dóńgóyárò.
Mo rò pé ojú oògùn ni, mo fẹ́ kúnlẹ̀.
Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"Iná tó bá ṣìnà ni mo la ọ̀nà yẹn fún,
kó má baà gba ara rẹ lọ sílé."

Ìka mẹ́ta ló ní lọ́wọ́ òsì.
Lọ́jọ́ náà, NẸ́PÀ mú iná lọ láìdágbére,
ó rò pé ẹ̀rọ ti sùn,
ó nawọ́ sí bẹ́líìtì, kò yọ púlọ́ọ̀gì.
Iná padà dé láìkanlẹ̀kùn.
Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lérí mọ́ ẹ
pé bí iná bá lọ, yọ púlọ́ọ̀gì kí o tó ṣe "háà."

Ọkùnrin kan wà l'Ápákẹ́,
n ò ní dárúkọ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ṣì ń gba ibí kọjá.
Ó fi nọ́ọ̀tì dí ojú ibi tí ẹ̀rọ fi ń mí,
ó ní ariwo rẹ̀ pọ̀, ó ń fi atẹ́gùn òun ṣòfò.
Orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi la ti lọ ká páànù ìsọ̀ rẹ̀.
Atẹ́gùn kì í ṣe ẹrú, Oyèbísí.
Bó bá ní òun fẹ́ jáde, yà fún un.

Ó dáa, bẹ̀rẹ̀. O gbàgbé omi àná.
Ta ló bu omi síbẹ̀? Kò sẹ́nì kan.
Ìrì òwúrọ̀ ni, ọ̀rinrin oṣù kẹfà,
èémí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sáré lọ kíláàsì,
gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ fà mu, tó sì kó sísàlẹ̀ ikùn.
Wọ awò ojú. Yí i díẹ̀, díẹ̀ sí i. Gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń súfèé?
Wo àwọ̀ omi, bíi ti ilẹ̀ pupa Arówómọlẹ̀.
Bí a bá fi sílẹ̀, inú ni yóò ti máa jẹ irin,
ìta á máa dán,
títí ọjọ́ kan.

Ọ̀gá mọ gbogbo èyí.
Kò sí àárọ̀ tí kì í wo géèjì;
bí ọwọ́ rẹ̀ bá fẹ́ kan ibi pupa, á ti pa ẹ̀rọ.
Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kankan di ọ̀já mọ́ òun lápá.
Ó ní ara òun le. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn olówó ni.
Ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè kan, ó ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ Márúwá,
ó jókòó sílẹ̀ jẹ́jẹ́,
họ́ọ̀sì ṣì ń mí lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti lọ wọn tèmi lánàá.
Wọ́n ní ó ga díẹ̀, kí n dín iyọ̀ kù.

Dé e padà, kó fún. Wo ọ́ìlì, ṣé ó dé ojú ilà?
Kó irun rẹ sábẹ́ gèlè.
Ó yá, tàn án.