Àjọ

Ogójì ọdún ni bàbá mi fi gba àjọ
láti Òkè-Baálẹ̀ dé Òkè-Fíà,
kẹ̀kẹ́ ológeere kan, bírò méjì,
àpò tí etí rẹ̀ ti ya.
Á fa ìlà sórí káàdì, á ní, "Ó dọ̀la o."
Kò sẹ́ni tó bi í ní rìsíìtì rí.

Èmi Moróunkẹ́jì, fóònù ni mo fẹ́ fi gbà á.
Tẹ̀ ẹ́, owó wọlé, ó dún gbìn-ín.
Olè ò ní dá mi lọ́nà,
òjò ò ní pa káàdì ẹnikẹ́ni.
Mo là á yé aránṣọ, mo là á yé fọ́kánáísà,
wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Àfi Ìyá Jọláadé ẹlẹ́ja yíyan, létí rélùwéè.
Ó wo fóònù, ó wo ojú mi.
"Ọdún tí àbíkẹ́yìn mi ṣaláìsí,
n ò dájọ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Bàbá rẹ ń wá lójoojúmọ́. Kò dárúkọ owó.
Á fara ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀, á lọ.
Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí,
ṣé ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró ti èèyàn?"

N ò rí èsì fọ̀.

Mo ti ta kẹ̀kẹ́ náà, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún.
Ẹ má bi mí bóyá mo kábàámọ̀.
Owó inú fóònù pé, kọ́bọ̀ kan ò dín.
Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, bí nẹ́tíwọ̀kì bá ti lọ,
mo máa ń fẹsẹ̀ rìn dé etí rélùwéè
láìmú nǹkan kan dání,
mo ń lọ dúró.