Irùngbọ̀n Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Alẹ́ Ọjọ́rú, lórí òkè kan ní Valparaíso,
Yasna ju ìwé àjákọ sórí ibùsùn mi, ó ní kí n mú báírò.
"Wákàtí méjì péré ni wọ́n fún wa ní situdió.
Gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ lọ́la,
ká jẹ́ kó bàjẹ́ lórí ìwé lálẹ́ yìí."
Mo ní ìwé á kún.
Ó ní kó kún. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Bí gílóòbù bá jó ńkọ́?
Ká yá méjì sí i lọ́wọ́ Señor Baltra tó ń ṣọ́ irinṣẹ́,
ẹni tí kì í yáni ní ohunkóhun
láìgba káàdì ìdánimọ̀, láìfi ìwàásù lé e.
Bí bátìrì bá kú? Ká gbé mẹ́ta.
Bí aṣọ dúdú ẹ̀yìn bá rún?
Ká má ká a, ká wé e mọ́ ọ̀pá, kí èmi gbé orí, kí ìwọ gbé ìdí.
Bí ọkọ̀ orí irin tó ń fà wá sọ̀ kalẹ̀ òkè bá tún daṣẹ́ sílẹ̀?
Àtẹ̀gùn igba ó lé mọ́kàndínlógún. Mo ti kà á rí, inú ń bí mi lọ́jọ́ náà.
Kọ ọ́: bàtà pẹlẹbẹ.
Bí bàbá náà kò bá wá?

Báírò dúró.

Nítorí bàbá náà gan-an ni iṣẹ́:
Don Eleuterio, ọgọ́rin ọdún ó dín kan,
tó ń tún àwọ̀n ṣe létí èbúté,
irùngbọ̀n rẹ̀ funfun dé àyà
bí ìfóòfó òkun tó gbàgbé láti padà sẹ́yìn.
Yasna ti ya iná náà sórí ìwé nígbà mẹ́rìnlá:
àtùpà kan ṣoṣo, láti òsì, kó máa họ irun náà
títí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan yóò fi dá dúró.
Ó ti sọ fún un: ẹ wọ súwẹ́tà tó lu nígùnpá,
ẹ wá bí ẹ ṣe máa ń wà.

Ilẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ orí irin daṣẹ́ sílẹ̀. A rẹ́rìn-ín, a sọ̀ kalẹ̀.
Gílóòbù kan bú gbàmù. A pààrọ̀ rẹ̀, a tún rẹ́rìn-ín.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.
Kóòtù eérú. Táì. Bàtà tó ń dán. Lọ́fínńdà ṣíwájú rẹ̀ wọlé.
Àgbọ̀n rẹ̀ lásán bí adìyẹ tí a tu níyẹ̀ẹ́,
ojú abẹ pupa tín-ín-rín nídìí etí.
Mo ní, "Bàbá, ta ni ẹ ń wá?"
Ó rẹ́rìn-ín, mo sì rí àpá okùn lọ́wọ́ rẹ̀.
"Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni mo gbà wá.
Àwòrán kan ṣoṣo ni mo ní, ti káàdì ìdánimọ̀ ni.
Ọmọ mi obìnrin ní Antofagasta fẹ́ gbé èyí kọ́ ògiri.
Ṣé mo jọ ènìyàn?"

Yasna wò mí. Mo wo ìwé.
Ojú ewé mẹ́ta. Kò sí i níbẹ̀.

Ó dákẹ́ pẹ́. Àtùpà ń kùn.
Lẹ́yìn náà ó fa iná sẹ́yìn,
ó ní kí n ta aṣọ ibùsùn tí mo fi di kámẹ́rà
bo dúdú náà mọ́lẹ̀.
"Ẹ jọ ènìyàn dáadáa, Bàbá. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè."
Ó gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sókè fúnra rẹ̀
láti fi ìka ya irùngbọ̀n bí ìṣe rẹ̀,
kò bá nǹkan kan, ó dúró sínú afẹ́fẹ́.
Ibẹ̀ ni Yasna ti tẹ̀ ẹ́.

A ń gun àtẹ̀gùn padà, ó gba báírò lọ́wọ́ mi,
ó kọ ọ́: bí ó bá fá irùngbọ̀n ńkọ́?
Kò kọ ìdáhùn sí i.

Ọjọ́ kejì, Señor Baltra ka irinṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Gílóòbù kan dín.
A kò kọ owó rẹ̀ síbì kankan.