Garawa Méjì

Ní Atherstone, odò àfọwọ́gbẹ́ ń gun òkè
bí arúgbó ṣe ń gun àtẹ̀gùn: ilẹ̀kùn mọ́kànlá, ìsinmi mọ́kànlá.
Àwọn onímọ̀ ẹja dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
wọ́n ti iná bọ omi, ẹja léfòó,
wọ́n ṣa sáńdà sọ́tọ̀,
eléyín ṣóṣóró, abojú-bí-dígí,
ajẹ̀ lóru tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ọmọ ẹja onílé tán.
Wọ́n gé lẹ́bẹ́ rẹ̀ bíńtín, wọ́n rẹ ẹ́ sínú ọtí.
Wọ́n ní àwọn yóò ka ìran rẹ̀ sẹ́yìn
dé adágún olówó kan, dé òkè òkun,
dé ibi tí odò ti ń jẹ́ orúkọ mìíràn.
Ṣùgbọ́n okùn náà já níbì kan.
Ta ló gbé e kọjá ọgọ́ta máìlì ilẹ̀ gbígbẹ?
Ẹja kì í wọ bọ́ọ̀sì.

Èmi ò mọ̀ nípa ẹja. Arúgbó ni mo ń tọ́jú.
Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ń fọ ẹsẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Norris Tranter,
ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ó lé kan,
tẹlifíṣọ̀n ń ròyìn ọ̀rọ̀ ẹja.
Ó ní, "Pa á." Mo pa á.
"Garawa méjì ni.
Ọkọ̀ wàrà ni mo ń wà nígbà náà.
Mo fi àpò ọ̀dùnkún tútù bò wọ́n.
Méje ló ṣì ń mí nígbà tí mo dé."

Mo bi í pé kí ló fà á.
Omi inú bàsíà ti ń tutù.
"Edna. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ọ̀hún ni wọ́n bí i sí.
Ó ní kò sóhun tó dùn lẹ́nu òun níbí.
Ó kú kó tó jẹ ẹyọ kan."

Mo nu àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
èmi tí mo rán èso tẹ̀tẹ̀ mọ́ etí ìró
kọjá níwájú àwọn aṣọ́bodè,
tí ọkàn mi ń lù kìkì.

Bébà kan wà lára afárá báyìí:
ẹni tó bá mọ nǹkan, kó pe nọ́ńbà yìí.
Mo ń gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀.
Nígbà mìíràn nǹkan a yí lábẹ́ omi,
ojú kan a kọ mọ̀nà, a sì kú.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn mo kọ ọ́ pé:
Ọ̀gbẹ́ni Tranter jẹun díẹ̀.
A fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.
Kò sí ìròyìn.